Àìrọ́mọbí: Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ Náà Ṣe Àyẹ̀wò



Bí ọdún kan bá kọjá lẹ́yìn ìgbéyàwó tí oyún kò dúró, ìyàwó nìkan ni a sábà máa ń rán lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń wá ìyàwó kejì kí ọkọ tó ṣe àyẹ̀wò kankan. Èyí kò tọ́. Nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ń wá ọmọ, ìṣòro wà lára ọkọ náà.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fà á ni varicocele. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ẹpọ̀n a máa wú, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ooru ẹ̀jẹ̀ tó dúró síbẹ̀ a sì máa ba àtọ̀ jẹ́. Kì í ṣe ìpá, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo kò sì lè mú un lọ. Nínú 100 ọkùnrin, bí 15 ló ní in, púpọ̀ nínú wọn sì ń bímọ.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni iṣẹ́ abẹ tọ́ sí. Dókítà yóò fọwọ́ yẹ ibẹ̀ wò, wọn yóò yẹ àtọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò sì yẹ ìyàwó náà wò. Ọjọ́ 2 sí 7 ni ọkọ yóò fi yàgò fún ìbálòpọ̀ kí ó tó mú àtọ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ láti gbà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ abẹ bá yẹ, wọn yóò la ojú kékeré sí ìsàlẹ̀ ikùn, nítòsí itan, wọn yóò sì so àwọn iṣan tó wú náà pa. Ní UCH nílùú Ìbàdàn wa yìí, tí wọ́n ṣí ní 1957, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ṣe é pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ nìkan lára. Kí omi má kan egbò náà títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Àlùwàlá kò dé ibẹ̀, nítorí náà kò dí ìrun lọ́wọ́.

Ẹ ní sùúrù. Àtọ̀ tuntun ń gbà tó oṣù 3, nítorí náà ìgbà yẹn ni a ó tún un yẹ̀ wò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣe é ló ń rọ́mọ bí, ṣùgbọ́n àtọ̀ ọ̀pọ̀ wọn ń dára sí i.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí á máa wá ìwòsàn. Àdúà àti ìtọ́jú kì í bára wọn jà. Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere ta wá lọ́rẹ. Àmín.