Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀yà Kẹ̀kẹ́ fún Ojú Ọ̀nà Kàbà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́ ní Kàbà láàárọ̀, tí ẹ sì fẹ́ máa gùn ún lọ kí àwọn èèyàn yín ní Ìyàrá tàbí Ìyámoyè nígbà ìsinmi, ẹ kú ìpinnu. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni iye tí ẹ fẹ́ ná. Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣáájú owó: irú ilẹ̀ wo lẹ ó gùn ún lórí? Òkè ibẹ̀ ńkọ́? Ẹrù wo lẹ ó dì mọ́ ọn? Ilẹ̀ ni yóò yan táyà, òkè ni yóò yan jíà, ẹrù ni yóò yan férémù àti káríà. Ẹ di mẹ́ta yìí mú dáadáa. Ó yé yín? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn Raleigh dúdú tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Irin ni férémù rẹ̀, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fa bíréèkì rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ju jíà kan lọ. Ó lágbára, ó ń gbẹ́rù, bí ó bá sì kán, wẹ́dà àdúgbò lè jó o pọ̀. Ṣùgbọ́n àléébù méjì wà lára rẹ̀: bí òkè bá dé, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa tì í, bí òjò bá rọ̀, bíréèkì kì í fẹ́ mú. Iṣẹ́ wa lónìí ni láti mú agbára rẹ̀, kí a sì wo àléébù méjèèjì sàn. Ṣé ẹ ti rí ibi tí à ń lọ?

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Ọ̀nà Kàbà sí Ọbájànà, kìlómítà 43, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é. Ó tẹ́, ó sì le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà wọ ọ̀nà oko, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò pàdé yín. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò rì sínú yanrìn. Èyí tó fẹ̀ jù yóò máa dá yín lágara lórí kọnkéré. Èyí tó fẹ̀ tó íǹṣì 1.75 sí 2 ló bá méjèèjì mu. Nísinsìnyí, ẹ wo ara táyà náà. Bí ẹ bá rí 26 × 1.75, 26 ni gíga àgbá, 1.75 ni fífẹ̀ táyà. Nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi 47-559, ló ṣeé gbára lé jù: 47 ni fífẹ̀ ní mílímítà, 559 ni ibi tí etí táyà ti jókòó lórí rímù, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Wọ́n ń kọ 28 sára táyà Raleigh àtijọ́ tí rímù rẹ̀ jẹ́ 635, wọ́n sì tún ń kọ 28 sára òmíràn tí rímù tirẹ̀ jẹ́ 622. Ọ̀kan kò lè wọ èkejì. Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Ṣé kò rú yín lójú?

Ó dára. Rímù tí táyà jókòó lé náà ni bíréèkì ń dì mú. Rímù irin tó ń dán máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án. Rímù alumíníọ̀mù kì í yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré dání: bí ó bá lẹ̀ mọ́ rímù, irin ni, bí kò bá lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí ẹ ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ yan bíréèkì alápá méjì, èyí tí wáyà ń fà kí rọ́bà rẹ̀ lè fún rímù lọ́tùn-ún àti lósì. Rọ́bà yẹn kò wọ́n, ẹ̀yin fúnra yín sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Àléébù kan ti lọ nìyẹn, àbí?

Èyí tó kù ni òkè, ibẹ̀ ló sì ti le díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Irin eléyín kan wà níwájú, níbi tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Òmíràn wà lẹ́yìn, lára àgbá. Ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Ẹ pín eyín iwájú sí eyín ti ẹ̀yìn, ẹ ó mọ iye ìgbà tí àgbá ẹ̀yìn yóò yí bí ẹsẹ̀ yín bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi èyí lọ́po ìwọ̀n àyíká táyà, ẹ ó mọ iye mítà tí kẹ̀kẹ́ rìn. Ẹ jẹ́ ká pe iye yẹn ní ìwọ̀n ìtẹ̀kan. Raleigh tó ní eyín 46 níwájú, 18 lẹ́yìn: 46 pín sí 18 jẹ́ nǹkan bíi 2.56, àyíká táyà rẹ̀ tó mítà 2.2, ìwọ̀n ìtẹ̀kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.6. Kẹ̀kẹ́ onítáyà 26 tó ní 22 níwájú, 28 lẹ́yìn: nǹkan bíi mítà 1.6 péré. Ẹni tó ń ru iṣu gòkè lè ru gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọrùn rẹ̀ sì wọ̀, ó sì lè rù ú díẹ̀díẹ̀ kí ó lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtẹ̀kan kékeré ni ti díẹ̀díẹ̀ yẹn. Ẹ dán ara yín wò: eyín 32 níwájú, 32 lẹ́yìn, mítà mélòó ni? Bí ẹ bá ní ó tó mítà 2, ìyẹn àyíká táyà 26 kan gééré, ó ti yé yín.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń tajà bá sọ pé jíà 21 ló wà lára kẹ̀kẹ́ òun, ẹ má jẹ́ kí iye yẹn gbà yín lọ́kàn. Irin eléyín mẹ́ta níwájú, méje lẹ́yìn, òun ló jẹ́ 21. Ṣùgbọ́n ẹ pín 44 sí 28, kí ẹ tún pín 22 sí 14: iye kan náà ni. Jíà méjì tí ẹ sanwó fún, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe! Eyín ni kí ẹ kà: 22 níwájú àti 28 tàbí 34 lẹ́yìn fún òkè, 44 níwájú àti 14 lẹ́yìn fún ilẹ̀ títẹ́, níbi tí ìtẹ̀kan yóò ti tó mítà 6.4. Bí irin ẹ̀yìn bá ju méje tàbí mẹ́jọ lọ, ṣéènì rẹ̀ á tín-ín-rín, á sì ṣòro láti rí rà nítòsí. Ṣé ẹ ṣì wà pẹ̀lú mi?

Ẹrù ló kù. Férémù irin ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì wò ó bóyá ihò kékeré wà nítòsí àgbá ẹ̀yìn àti lábẹ́ ìjókòó, torí ibẹ̀ ni a ó ti fi bóòtù de káríà. Àgbá ẹ̀yìn ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, nítorí náà kí sípóòkì rẹ̀ jẹ́ 36. Ẹ pín ẹrù sí ọ̀tún àti òsì, kí ó wà nísàlẹ̀. Ẹrù tó ga lókè káríà a máa mú kí kẹ̀kẹ́ ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Tírélà símẹ́ǹtì pọ̀ lọ́nà Ọbájànà, nítorí náà díńgí kékeré níwájú àti iná pupa lẹ́yìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣé ẹ rí i pé kò sí ẹ̀yà kan tí a yàn láìnídìí?

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wá kẹ̀kẹ́ kan ládùúgbò, ẹ ka eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ ka nọ́ńbà ara táyà, ẹ ṣírò ìwọ̀n ìtẹ̀kan tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé yẹn lọ bá ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò yín, kí ẹ bi í léèrè irú táyà, ṣéènì àti rọ́bà bíréèkì tó máa ń rí rà láìdúró. Èyí tí kò bá lè rí rà nínú wọn, ẹ wá irú mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́.