Ikú Òjijì Ẹṣin: Ẹ̀kọ́ Nípa Inú Rírun àti Ọgbẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà ní Accra ni ó ti dé ọgbà ìrántí Kwame Nkrumah. Lórí ilẹ̀ náà ni ó dúró sí ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957, tí ó kéde òmìnira Ghana. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé pápá ẹṣin ni ibẹ̀ nígbà náà. Níbẹ̀ ni a ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù tí à ń pè ní pólò. Títí di òní, ẹṣin kò tán ní ìlú yìí. A ṣì ń rí i létí òkun ní Labadi, níbi tí àwọn àlejò ti ń san owó láti gùn ún. Ẹni tí ó ti Dagbon wá mọ̀ ọ́n níbi ọdún Damba. Ẹni tí ó ti Nikki wá ní ilẹ̀ Benin mọ̀ ọ́n níbi ọdún Gaani. Àwa ọmọ Yorùbá kò sì jẹ́ gbàgbé pé ẹṣin wà lára ohun tí Ọ̀yọ́ fi jagun tí ó fi di ìjọba ńlá. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ́ ni ìdí tí ẹṣin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní ìrọ̀lẹ́ fi lè kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, n ó sì sọ bí ó ti kàn mí.

Bàbá kan, ọmọ Ìlọrin, ń tọ́jú ẹṣin mẹ́rin fún ọlọ́lá kan ní ìlú yìí. Nítorí pé èdè kan náà ni à ń sọ, mo máa ń lọ kí wọn ní ọjọ́ Sátidé, wọn a sì máa kọ́ mi ní ẹṣin gígùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹṣin pupa tí mo gùn yọ̀ létí kòtò àgbàrá, ó ṣubú, ó sì fi ikùn gbá etí kòtò náà. Èmi kò farapa. Ẹṣin dìde, ó gbọn ara rẹ̀. Ó tiro fún ọjọ́ kan, ó sì tún ń jẹun bí ti àtẹ̀yìnwá. Bàbá wí fún mi pé, “Ọmọ mi, ó ti sàn. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ọ̀gá.” Mo ní, “Mo gbọ́, Bàbá.”

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá ránṣẹ́ pè mí ní òru. Mo bá ẹṣin náà tí ó ń fi pátákò họ ilẹ̀, tí ó ń bojú wo ìhà rẹ̀, tí ó ń dùbúlẹ̀ tí ó sì ń yí gbiri. Òógùn bò ó bí ẹni pé òjò pa á. A ránṣẹ́ sí oníṣègùn ẹran, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, ìrora náà dáwọ́ dúró lójijì. Ẹṣin dúró jẹ́ẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Bàbá sì lọ ṣe àlùwàlá. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹṣin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, etí rẹ̀ tutù, ó ṣubú, ó sì kú.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ó bínú. Bàbá ti bẹ̀ ẹ́ ní oṣù tí ó kọjá pé kí ó fi kún owó òun, kò sì gbà. Ó ní Bàbá ni ó fi májèlé sínú ọkà bàbà ẹṣin, àti pé ọlọ́pàá ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Ní àkókò náà gan-an ni oníṣègùn wọlé. Ó ní kí a dúró ná, kí òun ṣí òkú náà wò.

Kí a tó sọ ohun tí ó rí, ẹ jẹ́ kí a mọ bí inú ẹṣin ti rí. Èkíní, ẹṣin kì í lè bì. Iṣan tí ó wà ní ẹnu àpòlùkù rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó bá ti wọlé kò lè gba ẹnu jáde mọ́. Èkejì, àpòlùkù náà kéré: nínú ẹranko tí ó wọ̀n tó 500 kílò, kò gbà ju nǹkan bí lítà 8 sí 15 lọ. Ẹ̀kẹta, ìfun kékeré rẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 20. Ìfun ńlá rẹ̀ ju mítà 3 lọ, a ká a pọ̀, ibi tí ó pọ̀ jù lára rẹ̀ kò sì lẹ̀ mọ́ ògiri ikùn. Ó lè ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì lè lọ́ bí okùn. Bí ìfun bá lọ́ tàbí tí ó há, ẹ̀jẹ̀ kò lè dé ibẹ̀ mọ́, yóò sì kú láàárín wákàtí díẹ̀. Bí omi àti afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà kọjá, wọn yóò padà kún àpòlùkù títí yóò fi bẹ́. Bí ó bá bẹ́, ìrora a máa rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìrọ̀rùn ẹ̀tàn ni. Ohun tí a dúpẹ́ sí ní òru ọjọ́ náà nìyẹn.

Ohun púpọ̀ ni ó lè fa inú rírun ẹṣin: oúnjẹ tí a pààrọ̀ lójijì, ọkà àjẹjù, àìrí omi mu, aràn, àti iyanrìn tí ó ń gbé mì nígbà tí a bá da oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin létí òkun kíyè sí èyí.

Ṣùgbọ́n ti ẹṣin pupa yìí yàtọ̀. Awọ líle kan wà tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Oníṣègùn fi hàn wá pé awọ náà ti ya, etí ibi tí ó ya sì ti nípọn, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe ọgbẹ́ àná. Ìfun kékeré ti gba ibẹ̀ wọ inú àyà, ó há, ó sì ti dúdú. Àpòlùkù ti bẹ́. Ó béèrè pé, “Ǹjẹ́ ẹṣin yìí ti ṣubú rí, tàbí ẹṣin mìíràn ta á nípàá?”

Bàbá wolẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, wọn yóò gbé arúgbó náà lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, pé èmi ni mo gùn ún. Ọ̀gá wò mí títí, ó sì wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti sọ fún mi.” Mo bi oníṣègùn bóyá à bá ti gbà á là. Ó ní òun kò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti gbọ́ nípa ìṣubú náà, a kì bá tún gùn ún, òun ì bá sì ti mọ ibi tí òun yóò kọ́kọ́ wò.

Irú ẹ̀sùn yìí kò mọ ní Accra. Phar Lap, ẹṣin olókìkí tí a bí ní New Zealand ní ọdún 1926, tí ó sì gba ife Melbourne ní ọdún 1930, kú lójijì nínú ìrora ní California ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1932. Àwọn kan ní májèlé ni. Àwọn mìíràn ní àrùn ìfun ni. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ tí ó yẹ irun rẹ̀ wò kéde pé májèlé arsenic púpọ̀ wọ ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kan àti ààbọ̀ kí ó tó kú. Síbẹ̀, ìyẹn kò sọ ẹni tí ó fún un, nítorí a máa ń po arsenic mọ́ oògùn ìlera ẹṣin ní ayé ìgbà náà. Májèlé ń bẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìbínú.

Bí ẹṣin bá ń wo ìhà rẹ̀, tí kò jẹun, tí kò yàgbẹ́, tí ó sì ń yí gbiri, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ sì pe oníṣègùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù: 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan ni ó yẹ bí ó bá wà ní ìsinmi, bí ó bá ju 60 lọ, ọ̀ràn ńlá ni. Ẹ wo èrìgì rẹ̀ bóyá ó ti funfun tàbí ó pọ́n kọjá ààlà. Ẹ má ṣe da àgbo sí i lọ́fun, nítorí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ gbogbo ìṣubú, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Kí ti èmi àti Bàbá jẹ́ ẹṣin iwájú fún yín.

Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò:
1. Kí ni ìdí tí ẹṣin kì í fi lè bì?
2. Kí ni ó fà á tí ìrora ẹṣin fi lè dáwọ́ dúró kí ó tó kú?
3. Bí ìwọ bá jẹ́ Bàbá, nígbà wo ni ìwọ ì bá sọ̀rọ̀, kí sì ni ìwọ ì bá sọ?