Ọwọ́ Fífọ̀ Níbi Tí A Ti Ń Fún Arúgbó Lóògùn

Ìbéèrè: Bí olùtọ́jú arúgbó ní ìlú Benin bá ti wọ ìbọ̀wọ́, ṣé ó tún di dandan kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó fún ẹlòmíràn lóògùn?

Ìdáhùn: Dandan ni, nítorí pé ìbọ̀wọ́ tí ó kan ibùsùn ẹnì kan lè gbé kòkòrò àrùn dé ẹnu ẹlòmíràn. Ṣe ni kí olùtọ́jú bọ́ ọ sọnù, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ ní 2009. Sanitáísà, ìyẹn èròjà olọ́tí tí ń pa kòkòrò, wúlò bí ìdọ̀tí kò bá hàn lọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ tán, ìdérí ìgò ni kí hóró oògùn bọ́ sí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́.