Ṣíbólẹ́tì Inú Sẹ́ẹ̀lì

Kí ẹ tó máa bá a lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Àwọn Onídàájọ́ 12:1–6.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, “ṣ” sì sábà máa ń di “s” lẹ́nu mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Warri, mo rò pé pidgin mi ti dán. Ní Sátidé kan, mo lọ sí ọjà Igbudu, mo ní kí ìyá kan ta “fis” fún mi. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Yoruba boy, na how much own?” Aṣọ mi kọ́ ló tú mi fó, àwọ̀ mi kọ́, ìró kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rín ni tèmi já sí. Ní ìwọdò Jọ́dánì, ìró kan náà ni wọ́n fi dá àwọn ará Éfúráímù mọ̀, 42,000 nínú wọn ló sì ṣubú nígbà náà.

Irú ìdánimọ̀ yìí wà nínú bakitéríà.

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Amino acid ni ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, oríṣi 20 ni wọ́n. tRNA ló ń gbé wọn lọ sí ríbósóòmù, níbi tí a ti ń sín wọn. Ẹ jẹ́ ká fi tRNA wé kẹ̀kẹ́ tó ń ná Effurun. Gbogbo wọn jọra: bíi lẹ́tà 76 ni púpọ̀ nínú wọn ní, wọ́n sì ká bíi L. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọra, torí ríbósóòmù kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ní orí kan L náà ni lẹ́tà mẹ́ta tó ń ka iṣẹ́ tí jíìnì rán wà. Orí kejì ni èrò, ìyẹn amino acid, ń jókòó sí.

Ta ló ń fi èrò sínú kẹ̀kẹ́? Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní aminoacyl-tRNA synthetase ni. E. coli ní oríṣi 20, ọ̀kan fún amino acid kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá ṣi èrò gbé, ríbósóòmù kì í sábà mọ̀. Ní 1962, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà mú tRNA tó ti gbé cysteine, wọ́n fi kẹ́míkà sọ cysteine náà di alanine lórí ìjókòó. Ríbósóòmù gbà á, ó sín alanine sí àyè cysteine. Kẹ̀kẹ́ ló wò, kò wo ojú èrò.

Báwo wá ni ẹ́ńsáìmù ṣe ń mọ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn ń wo lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ti alanine kò wò ó rárá. Ní 1988, Ya-Ming Hou àti Paul Schimmel fi hàn pé lẹ́tà méjì tó kojú síra wọn lẹ́bàá ìjókòó èrò, G ní ipò 3 àti U ní ipò 70, ni ó ń wá. Wọ́n fi méjèèjì sínú tRNA cysteine, ẹ́ńsáìmù náà sì gbé alanine lé e. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Japan rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Nínú E. coli, tRNA kan wà fún isoleucine tó jẹ́ pé tí wọn kò bá tíì so lysine mọ́ lẹ́tà C kan lára rẹ̀, methionine ni wọn yóò fi sínú rẹ̀. Lẹ́tà kan! “Fis” àti “fish” nìyẹn.

Ibi tó ti kàn mí rèé. Mupirocin, oògùn pípa tí a ń rà fún egbò ara, ẹ́ńsáìmù isoleucine ti bakitéríà ló ń dí lọ́wọ́. Ó jókòó sí àyè isoleucine, tRNA dé, kò rí èrò gbé, iṣẹ́ purotéènì dúró. Tiwa yàtọ̀ sí ti bakitéríà, ìdí nìyẹn tí kò fi pa wá lára. Ṣùgbọ́n àwọn Staphylococcus aureus kan ti gba jíìnì mupA, tó fún wọn ní ẹ́ńsáìmù kejì. Ẹ́ńsáìmù yìí ṣì mọ tRNA rẹ̀ dáadáa, àmọ́ oògùn kò rí i dì mú. Adebayo Shittu ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ìwádìí jáde ní 2009 nípa irú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti South Africa.

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi pa á sójú nítorí róró, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé inú páálí rẹ̀ wí. Nígbà tí egbò gidi wá yọ ní àgbọ̀n mi, kò ràn án. Dókítà ní kí n jáwọ́, ó fún mi ní oògùn mìíràn. Èyí tó dùn mí ni pé mo ti pín in fún arákùnrin mẹ́ta ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo pè é ní ìfẹ́ ará. Mo ti sọ fún méjì. Ẹ̀kẹta ti parí, ó ń sin ilẹ̀ bàbá wa ní òkè ọya. Bọ̀ọ̀dá mi, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má fi pa ojú mọ́. Ẹ lọ rí dókítà.