Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÌDÁNWÒ OORUN LÁTI ALẸ́ DI ÒWÚRỌ̀

Ní ìpàdé tó kọjá, bàbá kan nínú wa sùn lọ kí akápò tó ka owó tán. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mọ́tò akẹ́rù ni bàbá yìí ń wà, ẹrù wa ni wọ́n sì ń kó lọ sọ́jà. Wọ́n ti gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, wọn á máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójijì ariwo á dákẹ́, wọn ò ní mí, àfi bí ẹni tí a fún lọ́rùn. Nígbà tó bá yá, wọn á gbin lẹ́ẹ̀kan, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ní irọ́ ni, àwọn sùn dáadáa.

Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́ o. Ẹni tó sùn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí a bá sùn, ẹran ọ̀fun máa ń dẹ̀. Fún ẹni tó sanra, tí ọrùn rẹ̀ ki, tàbí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há láti ilẹ̀, ó lè dí ọ̀nà èémí pátápátá. Ọpọlọ á ta gìrì, á jí ẹni náà díẹ̀ kó lè mí, òun kò sì ní rántí lówùúrọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lóru kan, ṣé oorun nìyẹn? Òun ló ń fa òògbé ọ̀sán, ó sì máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó mọ̀ pé a kì í fojú wọn àpò. Orí ìwọ̀n là ń gbé e kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò oorun. Alẹ́ ni ènìyàn yóò wọ ọsibítù, yóò sùn nínú yàrá kan, òṣìṣẹ́ á sì máa ṣọ́ ẹ̀rọ láti yàrá kejì. Wọn yóò lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn lórí, lẹ́bàá ojú, ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, láyà àti lójúgun. Wáyà orí ló ń gba iṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀, ohun tí Hans Berger ní Jámánì kọ́kọ́ ṣe lára ènìyàn ní 1924. Bẹ́líìtì kan wà láyà, òmíràn níkùn; ohun kan sì wà nímú tó ń sọ bóyá atẹ́gùn ń kọjá. Bí àyà bá ń gbìyànjú tí atẹ́gùn kò kọjá, ọ̀fun ló dí. Bí àyà náà bá dúró, ọpọlọ ni kò ránṣẹ́. Ohun kékeré kan, bí èyí tí a fi ń há aṣọ sórí okùn, ni wọn ó fi há ìka, láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sì dunni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdádúró tí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10, wọn kì í kà á. Wọ́n á ka iye ìgbà tí èémí dúró àti ìgbà tó dín kù gidigidi, wọ́n á pín in sí iye wákàtí tí ènìyàn fi sùn. Ká ní ẹnìkan sùn fún wákàtí 6, tí wọ́n ka 132: 22 ni fún wákàtí kan. Fún àgbàlagbà, bí kò bá tó 5, kò sí wàhálà. Láti 5, ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti 15, ó wà láàárín. 30 sókè, ó le.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ fọ irun, ẹ má fi òróró sí i kí wáyà lè lẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá di irun, ẹ tètè sọ, torí awọ orí ni wáyà ń wá. Ẹ má sùn lọ́sàn-án, ẹ má mu ọtí, kí ẹ sì jìnnà sí kọfí àti obì (ẹ̀yin tí ẹ ń fi obì la ojú lójú ọ̀nà, ẹ gbọ́ o!). Oògùn tí dókítà fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a lè gbé sùn nílé. Ó dínwó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ka ọpọlọ, wọn ò sì mọ̀ bóyá ènìyàn sùn tàbí ó kàn dùbúlẹ̀. Bí ó bá ní kò sí nǹkan, tí òògbé ò sì lọ, ti ọsibítù ló kù. Ẹni tí ìrònú gbèsè kò jẹ́ kó rí oorun sùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kì í sábà nílò ìdánwò yìí. Dókítà á ní kó máa kọ wákàtí tó fi sùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìtọ́jú wà. Ní 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kéde ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú kí ọ̀fun má bàa dí, a sì ń lò ó títí di òní. Iná ló ń lò, torí náà ẹ ro owó bátìrì mọ́ ọn.

Ọsibítù tó ní yàrá ìdánwò yìí kò pọ̀ nílẹ̀ wa, ìlú ńlá ni wọ́n wà. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, kí ẹ mú ẹni tí ẹ jọ ń sùn dání. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó gba ọjọ́, kí ẹ tún béèrè bóyá owó àyẹ̀wò èsì wà nínú rẹ̀. Bàbá wa ti gbà láti lọ. Títí wọn ó fi dé, ọmọ wọn ni yóò máa wa mọ́tò.