Ìbòrí Eyín Tánganran: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìdílé Gbé Yẹ̀ Wò

Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè nípa rẹ̀, pàápàá àwọn tí ìgbéyàwó wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun náà ni ìbòrí eyín tánganran, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fẹ̀níà. Ọmọbìnrin lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ ẹ kí ẹ̀rín òun lè dára nínú fọ́tò. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí orí eyín kọ̀ọ̀kan ni a ti ń ka owó náà, eyín iwájú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni a sì sábà máa ń ṣe. Síbẹ̀, owó kọ́ ni ó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí ó wúwo jù ni pé a óò fá lára eyín tí Ọlọ́run dá, ohun tí a bá sì fá kúrò kò ní hù padà mọ́ láé.

Kí ni fẹ̀níà?

Ìbòrí tánganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju èékánná ọwọ́ lọ, tí a lẹ̀ mọ́ iwájú eyín láti fi bo àbùkù rẹ̀. Dókítà eyín kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Charles Pincus, ni ó ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1928 fún àwọn òṣèré sinimá. Ti ìgbà náà kò lè pẹ́ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti ya fíìmù tán ni wọ́n ń yọ ọ́. Ní ọdún 1955 ni Michael Buonocore ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ásíìdì ha ojú eyín kí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn lè dì í mú ṣinṣin. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni a tó rí ọgbọ́n fi ha tánganran pàápàá, tí ó fi wá ń pẹ́ lójú eyín.

Èèpo òde eyín, èyí tí ó le ju egungun lọ, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ẹ̀mí nínú. Ọgbẹ́ a máa jinná, egungun tí ó kán a máa so padà, ṣùgbọ́n èèpo eyín kò ní ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Kí àyè lè gba fẹ̀níà, dókítà yóò fi ẹ̀rọ fá èèpo yìí ní ìwọ̀n bí 0.3 sí 0.7 mìlímítà. Àwọn eyín kan wà tí a kì í fá rárá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ni èyí bá mu. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ àwòṣe eyín, tí yóò sì fi ìbòrí onígbà díẹ̀ sí i títí di bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí tánganran yóò fi ṣetán.

Fẹ̀níà tí a ṣe dáadáa sábà máa ń lo ọdún 10 sí 15, òmíràn a sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ya tàbí tí ó fọ́, tuntun ni a óò rà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: ọmọ ọdún 22 tí ó bá ṣe é lónìí lè tún un ṣe ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó di arúgbó. Ta ni yóò san owó ìyẹn?

Kí ló fa àbùkù tí a fẹ́ bò?

Èyí ni ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú, òun náà ni àwọn ènìyàn sì máa ń fò dá. Bí ó bá jẹ́ àbàwọ́n obì, tíì, sìgá tàbí aáṣà ni, inú eyín kọ́ ni ó wà, ojú rẹ̀ ni. Kí a lọ fọ eyín lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín lè tó láti mú un kúrò, owó rẹ̀ kò sì tó ti fẹ̀níà rárá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí èédú ha á nílé: omi kíkan a máa jẹ èèpo eyín, èédú a sì máa fá a.

Bí ó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ni ó dúdú láàárín àwọn yòókù, ẹ rántí bóyá ọmọ náà ti ṣubú rí. Ó ṣeé ṣe kí iṣan inú eyín náà ti kú. A gbọ́dọ̀ ya X-ray rẹ̀ kí a sì tọ́jú inú rẹ̀, nítorí bí a bá lẹ tánganran bò ó, ìkétè lè máa kóra jọ sí gbòǹgbò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú tí ó lọ ní ilà-ilà lára gbogbo eyín iwájú a sábà máa ti ọ̀dọ̀ oògùn tẹtirasáíkílìn wá. Eyín àgbà ọmọ a máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní nǹkan bí ọdún 6, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìkókó ni ó ti ń di mímọ nínú èrìgì. Oògùn yìí a máa wọ inú eyín tí ó ń mọ lọ́wọ́, kì í sì ṣeé fọ̀ kúrò. Nítorí náà ni a fi ń kìlọ̀ pé kí aláboyún àti ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 8 má ṣe lo tẹtirasáíkílìn tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn kiri. Ìyá tí ó bá pa èyí mọ́ ti gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó fẹ̀níà. Ẹni tí àwọ̀ yìí ti wọ̀ lára ní tirẹ̀ wà lára àwọn tí fẹ̀níà ń ràn lọ́wọ́ ní tòótọ́, nítorí oògùn ìfọyín-funfun kì í sábà ràn án tó.

Àmì funfun bí ẹfun tàbí àmì pupa rúsúrúsú lè wá láti inú fúlọ́ráìdì tí ó pọ̀ jù nínú omi, bí ó ti rí ní agbègbè Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tàbí láti inú ọṣẹ ìfọyín tí ọmọ ń gbé mì. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3.

Ní ti èjì, ó ń yà mí lẹ́nu. Nígbà kan rí, àwọn mìíràn ń sanwó kí a lè la èjì sí wọn lẹ́nu. Lónìí àwọn ọmọ wọn ń sanwó láti dí i. Èmi kò rí àìsàn kankan níbẹ̀ tí a ó torí rẹ̀ fá eyín tí ó jí pépé.

Eyín tí etí rẹ̀ kán díẹ̀, a lè fi rẹ́sìn tún un ṣe ní ìjókòó kan. Kì í pẹ́ tó tánganran, a sì lè nílò láti tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í sábà gba pé kí a fá eyín púpọ̀.

Ta ni kí ó dúró ná?

Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18, kí ó dúró, nítorí èrìgì rẹ̀ ṣì ń yí padà. Aláboyún lè dúró títí yóò fi bímọ. Ọ̀rọ̀ ẹwà kò kánjú. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí eyín rẹ̀ ti ń jẹrà gbọ́dọ̀ tọ́jú ìyẹn ṣáájú. Ẹni tí ń pa eyín keke lójú oorun, tàbí tí ń fi eyín ṣí ìgò, tí ó sì ń fọ́ egungun jẹ, yóò fọ́ tánganran láìpẹ́.

A ti gbọ́ nípa àwọn tí ń lẹ eyín fún ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge. Ẹ má gbà fún wọn. Bí etí ìbòrí kò bá bá ojú eyín dọ́gba, oúnjẹ yóò máa há síbẹ̀, èrìgì yóò wú, eyín yóò sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Dókítà eyín tí Medical and Dental Council of Nigeria fún ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ tọ̀ lọ. Ẹ lè ṣe ìyẹ̀wò ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí ní OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi í pé: kí ló fa àbùkù yìí? Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà tí a kò ní fá eyín? Báwo ni èyí tí ẹ óò fá ti pọ̀ tó? Bí ọ̀kan bá fọ́ ńkọ́? Ẹ ní kí ó fi bí àwọ̀ náà yóò ti rí hàn yín lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí oògùn ìfọyín-funfun kì í yí àwọ̀ tánganran padà. Kí ìyàwó ojú ọ̀nà má sì fi í sí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Eyín lè máa kẹ̀ mọ́ omi tútù fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ẹnu. Kí ó má máa fi eyín iwájú jẹ pákò líle. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ó ti rún un títí yóò fi rọ̀. Kí ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, tí a kọ irú tánganran náà, nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tí a lẹ̀ ẹ́ sí, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ káàdì ilé ìwòsàn, nítorí dókítà mìíràn ni ó lè tún un ṣe ní ọdún 12 sí i.