Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́: Ọmọ-ogun tí a fi sílẹ̀ lẹ́bàá odò Kaladan

Ẹ ka Lúùkù 10, ẹsẹ 25 sí 37, àti Jóṣúà orí 2.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀wọ́n, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni ní òwe ará Samáríà nì, ìtàn ọmọ ilẹ̀ wa kan lè ràn yín lọ́wọ́. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun ní 1942, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16. Olùtọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́ ni, lábẹ́ Ẹ̀ka-ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ sí Bọ́mà láti bá Japan jà. Orí ni àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí fi ń ru ẹrù la igbó àfonífojì Kaladan já. Ọkọ̀ òfúrufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japan kọlù wọ́n, ẹ̀ka-ogun náà sì ní láti fà sẹ́yìn kúrò ní àfonífojì náà. Lẹ́bàá odò ni ìbọn ti ba Isaac ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn ọ̀tá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó kú, òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, tí òun náà gbọgbẹ́.

Àwọn ará abúlé, tí í ṣe Mùsùlùmí Rohingya, ni ó ń gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n wá nínú igbó. Níkẹyìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shuyiman mú wọn wọ ilé ara rẹ̀, sáàrin ìdílé rẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ará Samáríà inú òwe náà sanwó fún onílé-èrò, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Shuyiman kò ní ibi tí yóò lọ: bí àwọn ará Japan bá rí àlejò rẹ̀, ewu ńlá dé bá òun àti ilé rẹ̀. Lójú tèmi, Ráhábù ni ó sún mọ́ ọn jù. Àmọ́ Ráhábù gba ìbúra lẹ́nu àwọn amí náà. Kí ni aláìlera méjì tí ebi ń pa lè ṣe ìlérí rẹ̀?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè nípa bí Isaac ti fi ara rẹ̀ hàn bí Mùsùlùmí nígbà náà, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ro ti itan tí ó ṣẹ́ ní ilẹ̀ tí ọ̀tá gbà.

Ní oṣù kejìlá 1944 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé, tí wọ́n sì gbà wọ́n. Isaac padà sílé, ó sì wà láàyè títí di 2012. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú ìwé ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú. Ìdílé rẹ̀ ni ó gbọ́ ọ.